Ọjọ́ mẹ́rin ní Quedlinburg àti ẹsẹ̀ òkè Harz: bí mo ṣe rìn ín

Quedlinburg wà ní ìpínlẹ̀ Sachsen-Anhalt ní Jámánì, ní ẹsẹ̀ òkè Harz lápá àríwá. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ilé onígi àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀ lé ní 2,000, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 1994. Ibẹ̀ ni mo fi ṣe ibùwọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí mo ń ti ibẹ̀ jáde lọ sí àwọn ibi tó yí i ká. Kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń sáré wò kó tó padà sí Berlin. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tó bá bọ́ọ̀sì wá ti lọ tán, ni ojú ń rí ara ilé dáadáa.

Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ì báà jẹ́ Èkó ló ti ń bọ̀ tàbí London tó ń gbé. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, ìwé adójútòfò ìlera sì gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò ó kéré tán. Ohun tí mo fara balẹ̀ sí jù ni iye alẹ́: ọjọ́ tó wà lórí ìwé ilé ìtura, ti bàálù àti ti adójútòfò gbọ́dọ̀ bára mu. Bí alẹ́ kan bá ṣófo láàárín, wọn yóò béèrè ibi tí ẹ fẹ́ sùn.

Láti Berlin, mo wọ ọkọ̀ ojú irin RE1 dé Magdeburg, mo sọ̀ níbẹ̀, mo wọ èyí tó ń lọ sí Thale, tó ń dúró ní Quedlinburg. Ó ń gbà tó wákàtí mẹ́ta tàbí kó lé díẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, Harz-Berlin-Express wà tí kò ní kí ẹ sọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àlejò ti ń ṣìnà. Ní Halberstadt ni wọ́n ti ń já ọkọ̀ náà sí méjì, apá kan ń lọ sí Goslar, apá kejì sí Thale. Orúkọ ìlú tí apá kọ̀ọ̀kan ń lọ máa ń wà lára ọkọ̀. Láti Berlin ni kí ẹ ti jókòó sí apá Thale.

Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù tó kárí Jámánì, ni mo lò. 63 yúrò lóṣù ni láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Ó gba ọkọ̀ ojú irin agbègbè, bọ́ọ̀sì àti tráàmù, kò gba ICE àti IC, àwọn ọkọ̀ ojú irin ayára tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. Olóṣooṣù ni, ẹni tí kò bá fagi lé e títí di ọjọ́ 10 oṣù náà, wọn yóò yọ owó oṣù tó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mo sì fagi lé e lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ṣiṣẹ́ títí oṣù fi parí. Fún àwọn tó jọ ń rìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín ìpínlẹ̀ náà, títí dé èèyàn márùn-ún, Sachsen-Anhalt-Ticket wà. Ní ọjọ́ iṣẹ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Láti ibùdó ọkọ̀ dé ọjà, Markt, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 lọ, ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà. Táyà kékeré abẹ́ àpótí kì í fara dà á. Àpò ẹ̀yìn ló yẹ. Ilé tí mo dé sí gba owó àlejò díẹ̀ lórí owó yàrá, wọ́n sì fún mi ní káàdì àlejò. Ẹ má sọ ọ́ nù: bí àmì HATIX bá wà lára rẹ̀, ẹ ó fi wọ bọ́ọ̀sì àti tráàmù lọ́fẹ̀ẹ́ ní agbègbè Harz, ṣùgbọ́n kò kan ọkọ̀ ojú irin. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo ti ra búrẹ́dì, èso àti omi sílẹ̀, torí súpámákẹ́ẹ̀tì kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Mo tún kó owó bébà kéékèèké dání, torí ilé oúnjẹ mìíràn kì í gba káàdì.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, ilé ni mo wò, láti Wordgasse nọ́ńbà 3. Wọ́n kọ́ ilé yìí ní 1346 sí 1347, ó sì wà lára àwọn tó pẹ́ jù nínú irú rẹ̀ ní Jámánì. Òpó igi kan náà ló gùn láti ilẹ̀ dé abẹ́ òrùlé, tí igi àjà sì wọ inú òpó náà. Igi tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì tọ́ ṣòro rí, bí ìdí òpó bá sì jẹrà, odidi ilé ló wà nínú ewu. Nígbà tó yá, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í kan àjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí wọ́n ń gbé ọ̀kan lé èkejì, tí ti òkè sì ń yọ síta díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ dúró lábẹ́ ibi tó yọ síta yẹn kí ẹ gbójú sókè. Ọnà tó dà bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n là, ti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni. Bí igi bá tẹ́jú láìlọ́nà, tí àjà òkè kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ síta, ilé tó dé lẹ́yìn náà ni, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ọ̀rúndún kejìdínlógún.

Àlàfo tó wà láàárín igi, ọ̀pá ni wọ́n fi hun ún, wọ́n wá fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ rẹ́ ẹ. Ẹni tó mọ ilé alámọ̀ nílé wa kò ní ṣòro fún láti lóye ìdí tó fi pẹ́ tó báyìí: amọ̀ ń mu ọ̀rinrin, ó sì ń tú u sílẹ̀, omi kì í há sára igi. Síméǹtì ló ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ó ń sé omi mọ́ inú, igi á sì jẹrà lẹ́yìn ìrẹ́ tó ń dán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ní Markt, ère òkúta Roland, akọni ológun inú ìtàn àtijọ́, dúró gẹ́gẹ́ bí àmì òmìnira ìlú. Obìnrin ló ń ṣàkóso Quedlinburg láti orí òkè ààfin, àwọn ìyá olórí ilé ẹ̀sìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 936, títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1477, ará ìlú ṣọ̀tẹ̀ sí ìyá olórí Hedwig, ó ṣẹ́gun wọn, àwọn tirẹ̀ sì wó Roland lulẹ̀. 1869 ni wọ́n tó gbé e dìde padà sí ọjà.

Ṣọ́ọ̀ṣì St. Servatius lórí òkè náà ni kí ẹ fún ní wákàtí méjì. Lábẹ́ rẹ̀ ni ibojì ọba Heinrich kìn-ín-ní wà, tó wàjà ní 936, àti ti Mathilde aya rẹ̀. Kí ẹ tó gòkè, ẹ yẹ ọjọ́ wò, torí ọ̀pọ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Jámánì kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Nínú yàrá ìṣúra, mo dúró pẹ́ níwájú ìwé Ìhìn Rere Samuhel, tí wọ́n fi wúrà àti òkúta iyebíye bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1945, ológun Amẹ́ríkà kan, Joe Tom Meador, jí òun àti àwọn ohun mìíràn, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ní Texas. 1993 ni wọ́n tó padà sí Quedlinburg, lẹ́yìn tí wọ́n san owó ńlá fún àwọn àrólé rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ pé ọdún 2022 ni Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ère idẹ Benin padà fún Nàìjíríà, mi ò lè wo ìwé yẹn kí n má rántí wọn.

Ọjọ́ kejì, Thale. Ọkọ̀ ojú irin kì í tó ìṣẹ́jú 15. Ibẹ̀ ni odò Bode ti ń já gba àárín àpáta. Apá kan ni Hexentanzplatz, ibi tí ìtàn ní àwọn àjẹ́ ti ń jó. Ọkọ̀ orí wáyà ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Apá kejì ni Rosstrappe, tí àga orí wáyà ń gbé èèyàn lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ní tèmi, láti Thale gba etí odò lọ sí Treseburg, bíi kìlómítà 10, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Òkúta lè já lulẹ̀ lẹ́yìn òjò, wọ́n a sì ti ọ̀nà náà, torí náà ẹ béèrè ní ọ́fíìsì àlejò kí ẹ tó gbéra. Ẹ ya àwòrán àkókò bọ́ọ̀sì tó ń padà láti Treseburg kí ẹ tó kúrò ní Thale, torí kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìrìn lè ra Harzer Wandernadel, ìwé kékeré tí èèyàn ń gba òǹtẹ̀ sí. Ibi òǹtẹ̀ 222 ló wà káàkiri òkè, mẹ́jọ péré sì tó fún àmì idẹ.

Ọjọ́ kẹta ni mo fi gun òkè Brocken, 1,141 mítà. Kùrukùru ń bò ó ní bíi 300 ọjọ́ lọ́dún, torí náà kámẹ́rà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ wò láàárọ̀ kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo gba Halberstadt lọ sí Wernigerode, mo wọ ọkọ̀ ojú irin elédùú níbẹ̀. Ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan péré, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń fà á ni wọ́n ṣe láàárín 1954 sí 1956. Àlọ àti àbọ̀ lé ní 50 yúrò, torí náà àlọ nìkan ni mo ra. Mo fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀nà Eckerloch lọ sí abúlé Schierke, bíi wákàtí méjì lórí òkúta àti gbòǹgbò, mo wá fi káàdì àlejò wọ bọ́ọ̀sì padà sí Wernigerode. Bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì mú súwẹ́tà lọ àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí ìjì tàbí yìnyín bá pọ̀, ọkọ̀ kì í dé orí òkè. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pọ̀, ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n lè fi fà á, kí ìpẹ́pẹ́ iná má bàa jó igbó. Àwọn igi gbígbẹ tó dúró láìléwé lọ́nà, kòkòrò tó ń jẹ abẹ́ èèpo ló pa wọ́n lẹ́yìn ọ̀dá ọdún 2018. Láti 1961 títí di ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1989, ológun sé òkè yìí mọ́ ará ìlú.

Ọjọ́ kẹrin rọrùn: ọkọ̀ ojú irin kékeré Selketalbahn láti Quedlinburg sí Gernrode, láti wo ṣọ́ọ̀ṣì St. Cyriakus tí ìjòyè kan, Gero, dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹwàá. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ọ̀nà yẹn ló ń lo èédú. Tábìlì àkókò ń fi àmì sí èyí tó ń lò ó. Bí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ bá sì ti lọ, bọ́ọ̀sì ń lọ láti Gernrode sí Quedlinburg, káàdì àlejò sì ń gbà á.