Àkísà mẹ́rin lẹ́nu àpò gàrí

Oníbàárà wa kan ní Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì ló dá àpò mẹ́rin padà. Kò pariwo. Ó bu gàrí sínú kọ́ọ̀bù, ó da omi sí i, ó ní kí n mu ún. Yanrìn ni eyín mi kọ́kọ́ bá pàdé.

Mo padà sí ẹbu wa ní Ìkọ̀lé, mo béèrè ẹni tó ṣe é. Àwọn obìnrin márùn-ún tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní àwọn fọ̀ ọ́ mọ́. Ọmọkùnrin méjèèjì tó ń lọ̀ ọ́ tí wọ́n sì ń fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn. Àwọn mẹ́rin tó ń yan án ní àwọn jọ̀ ọ́ dáadáa kó tó wọ agbada. Ènìyàn mọ́kànlá, kò sí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kan gàrí náà! Mo bú gbogbo wọn, mo ní n ó yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́ta ò wá. Ẹ̀gẹ́ tí a ti fà sì wà nílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹni tó ń bínú, tó bá fi máa tó ọjọ́ mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń tì mí lójú. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi dé Èkìtì. Nínú èdè Èkìtì, "o" ni wọ́n máa ń pe ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ baba arúgbó. "Ẹ" wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo mọ̀ ọ́n lórí, àmọ́ ara mi ò gbà á. Tí àbúrò nínú àwọn ọmọ orí ẹ̀rọ bá ti ní "O kú iṣẹ́," inú mi á ru, n ó bu owó ìtanràn ₦500 lé e. Màmá tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń yan gàrí ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. "Ìyàwó, kó tó kí ọ, ibo lọwọ́ rẹ̀ máa ń wà?" N kò mọ̀. "Ilẹ̀ ló máa ń fi kàn. Ìwọ kì í wo ilẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ bẹ àwọn mẹ́ta náà nílé wọn, mo sì fa ọ̀rọ̀ owó yíyọ náà tì.

Ohun tí mo wá gbé kalẹ̀ kò le. Kí oníkálukú mú àkísà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ wá. A ò ní da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn mọ́, àpò kọ̀ọ̀kan á gbé àkísà ẹni tó bó o, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó yan án, àti tèmi, torí èmi ni mo máa ń tẹ́ gàrí sórí ọ̀rá kó tutù, tí mo sì ń wọ̀n ọ́n sínú àpò. N kò lo orúkọ, torí kì í ṣe gbogbo wa ló ń kàwé. Àwọn kan kùn pé àmì olè ni. Màmá ò bá wọn kùn. Ó fa etí ògbólógbòó àdìrẹ rẹ̀ ya, ó ní, "Tèmi rèé."

Kí àpò kankan tó jáde, mo ń bu kọ́ọ̀bù kan nínú rẹ̀ sínú omi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, yanrìn tún yọ nínú àpò mẹ́ta. Mo tò wọ́n síwájú gbogbo wa, inú mi ń dùn pé ọwọ́ ti tẹ ẹnì kan. Ẹni tó bó wọn yàtọ̀ síra. Ẹni tó tẹ̀ wọ́n, ẹni tó yan wọ́n, bákan náà. Àkísà kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni aláwọ̀ ọsàn. Tèmi.

Ọ̀rá yẹn ti ya lábẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sọ fún mi, mo ní kó dúró títí a ó fi tajà.

Ẹnu mi wúwo, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ lójú wọn pé èmi ni, mo sì ra ọ̀rá tuntun lọ́jọ́ náà. Mo ṣírò owó ìtanràn ọmọ yẹn, ó jẹ́ ₦6,500. Mo kà á lé e lọ́wọ́.

"O ṣeun," ló wí.

Mo wo ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án.