VAT ń jẹ èrè wa lóṣooṣù: níbo ni ìṣirò ti yẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bẹ́ẹ̀dì, àga àti tábìlì la ń ṣe n'Íbàdàn, a sì ti forúkọ sílẹ̀ fún VAT, ìyẹn owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà tí a bá tà. Wọ́n ní oníbàárà ló ń san án, àmọ́ inú èrè wa ló ń ti jáde. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín, oníbàárà ló ń san án. 7.5% ni láti oṣù kejì ọdún 2020, òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 kò sì yí iye yẹn padà. Ọwọ́ yín ló kàn ń gbà kọjá sọ́dọ̀ ìjọba. Bó bá wá ń jẹ èrè yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ bí ẹ ṣe ń dá iye lé ọjà wò.

Ká ní ẹ pe bẹ́ẹ̀dì kan ní ₦1,075,000, VAT ti wà nínú rẹ̀. ₦75,000 ni tìjọba, ₦1,000,000 ni tiyín. Àwọn kan á ṣírò 7.5% lórí gbogbo ₦1,075,000, wọ́n á sì san ₦80,625. ₦5,625 ti lọ lórí ọjà kan ṣoṣo nìyẹn! Owó tí VAT bá ti wà nínú rẹ̀, 107.5 ni kí ẹ fi pín in, kí ẹ wá fi 7.5 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀.

Èyí tó tún burú jù ni kí ẹ dúnàádúrà dé orí ₦1,000,000 láìdárúkọ VAT rárá, kó wá di ìparí oṣù kí ẹ tó rántí. Ẹ dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń nájà, kí ẹ sì kọ ọ́ lọ́tọ̀ sórí ìwé owó (invoice) tí ẹ ń fún oníbàárà.

Ìbéèrè: A ra pákó àti fóòmù ₦1,000,000, a san VAT ₦75,000 lé e. A ta ọjà ₦1,600,000, a gba VAT ₦120,000. Ṣé gbogbo ₦120,000 náà la máa san?

Ìdáhùn: Rárá o, ₦45,000 ni. Ẹ máa yọ VAT tí ẹ ti san kúrò nínú èyí tí ẹ gbà. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé owó tó fi VAT yẹn hàn lọ́wọ́.

Ó máa ń dùn mí bí àwọn oníṣòwò ṣe ń pàdánù níbí. Ẹnì kan ní Bódìjà lè ta pákó fún yín ní ₦1,040,000 láìsí VAT, kí ẹlòmíràn pè é ní ₦1,075,000 pẹ̀lú ìwé owó VAT. Ẹ ó rò pé ti ẹni àkọ́kọ́ ló pọ́ọ́kú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ó yọ ₦75,000 ti ẹnì kejì padà, ₦1,000,000 péré ni pákó náà á sì ná yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ tí a fi ń gé pákó ńkọ́?

Ìdáhùn: Òfin àtijọ́ kò gbà kí ẹ yọ ọ́. Láti oṣù kìíní 2026, ẹ lè yọ VAT orí ẹ̀rọ, àti ti iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn bá ṣe fún yín, bó bá ṣáà ti jẹ́ fún ọjà tí ẹ ń gba VAT lé lórí. Bí èyí tí ẹ san bá ju èyí tí ẹ gbà lọ, ẹ gbé ìyókù sí oṣù tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ra tábìlì lọ́wọ́ wa. Wọ́n san owó tábìlì, wọn ò kó VAT fún wa.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ VAT náà sílẹ̀ kí wọ́n tó san owó fún yín, nítorí òfin ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba fúnra wọn. Ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ béèrè ẹ̀rí pé wọ́n ti san án, kí ẹ sì kọ ọjà náà sínú ìròyìn oṣù yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ VAT tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn agbowó orí lóṣooṣù.

Ìbéèrè: Oṣù tí a kò bá ta nǹkan kan ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣì máa fi ìròyìn ránṣẹ́, kó má kọjá ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ òdo ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, owó ìtanràn ń bẹ níbẹ̀, inú èrè yín gan-an nìyẹn á sì ti jáde.