JAWS, NVDA àti Narrator: bí mo ṣe fi iṣẹ́ kan náà dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò

Ojú mi ò ríran, kọ̀ǹpútà ni mo sì fi ń jẹun, torí náà tí screen reader, ìyẹn sọ́fúwíà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta, bá ti dákẹ́, iṣẹ́ mi dúró nìyẹn. Nígbà tí mo gba kọ̀ǹpútà tuntun tí kò tíì sí nǹkan kan lórí ẹ̀, mo ní kí n kúkú fara balẹ̀ yẹ mẹ́ta wò nínú wọn, JAWS, NVDA àti Narrator, kí n tó mú ọ̀kan, torí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé èyí tí wọ́n bá fi kọ́ wa níbẹ̀rẹ̀ la máa ń rọ̀ mọ́ títí ayé, a ó wá máa bá ara wa fa á bí àwọn tó ń jà nítorí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé mi ò ní fi ohùn dá ẹjọ́. Ohùn máa ń tan èèyàn jẹ, ó lè dùn létí kó má sì mọ iṣẹ́. Nǹkan mẹ́ta tí mò ń bá yí nínú iṣẹ́ mi ni mo mú: fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo mọ̀ pé wọn ò ṣe dáadáa, PDF kan tó jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n ya ìwé náà, àti fáìlì Excel kan tó gùn gbọọrọ.

Narrator ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ó ti wà nínú Windows fúnra ẹ̀, láti ayé Windows 2000 ló ti wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ Ctrl, Windows àti Enter pọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nìyẹn, kódà nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, mi ò pe ẹnikẹ́ni tó lójú wá jókòó tì mí. Òun náà ni mo fi lọ wa NVDA jáde, ọ̀fẹ́ ni, lẹ́yìn ìyẹn mo wa JAWS. Owó ni wọ́n ń fi ra JAWS, ṣùgbọ́n tẹ́ ò bá tíì sanwó, á ṣiṣẹ́ fún 40 ìṣẹ́jú, tó bá ti pé, ẹ ní láti pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tún un tàn kẹ́ ẹ tó rí 40 ìṣẹ́jú míì. Ó tó fún ìdánwò, àmọ́ ẹ máa save iṣẹ́ yín o.

Ẹ má sì jẹ́ kí méjì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà! Bọ́tìnì Insert ni JAWS àti NVDA jọ fi ń gba àṣẹ, wọ́n á máa du ú mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹ ò sì ní gbọ́ ohun tí èyíkéyìí ń wí. Insert àti Q lẹ fi ń pa NVDA, Insert àti F4 lẹ fi ń pa JAWS, Narrator, bẹ́ ẹ ṣe tàn án náà lẹ máa pa á.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń lo JAWS tipẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àbúrò, nǹkan tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé o rò pé ó lè dáa tó ohun tá a fowó rà?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ wò ó ná." Mi ò bá a jiyàn, torí JAWS kì í ṣe ọmọ àná. Ted Henter tó máa ń fi alùpùpù sáré ìdíje tẹ́lẹ̀, tí jàǹbá ọkọ̀ gba ojú ẹ̀ lọ́dún 1978, ló wà nídìí ẹ̀, ọdún 1989 ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí DOS, tí wọ́n ń lò kí Windows tó gbòde, jáde. NVDA ní tiẹ̀, Michael Curran, ọmọ Ọsirélíà tí òun náà ò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2006, James Teh wá dara pọ̀ mọ́ ọn, ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé kò yẹ kí afọ́jú máa sanwó lórí owó kó tó lè lo kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò. Nínú ìwádìí tí WebAIM, àjọ kan tó ń rí sí i pé àwọn aláàbọ̀ ara lè lo ìkànnì, gbé jáde lọ́dún 2024, àwọn tó ní JAWS làwọn ń lò jù jẹ́ 40.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti NVDA jẹ́ 37.7. Ẹ rí i pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Ó ya, fọ́ọ̀mù. Mo tẹ H láti máa fò láti àkọlé kan sí òmíì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe é, ti Narrator kàn jẹ́ pé scan mode, ipò tí lẹ́tà kan ti lè gbé yín káàkiri ojú ewé, gbọ́dọ̀ wà ní títàn, Caps Lock àti space lẹ fi ń tàn án. Mo wá tẹ F láti bọ́ sí ibi tá a ti ń kọ nǹkan. Àpótí orúkọ ò níṣòro. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wàhálà wà, torí ẹni tó ṣe ojú ewé yẹn kọ nọ́ńbà fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹni tó lójú á rí i, àmọ́ kò so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àpótí yẹn nínú kóòdù. NVDA débẹ̀, ó ní "edit, blank". Ó parí. Àpótí kan rèé, òfìfo ni, kí lo fẹ́ kọ síbẹ̀, ìyẹn kù sí ẹ lọ́wọ́. JAWS débẹ̀, ó pe nọ́ńbà fóònù fún mi ketekete.

Ẹ̀gbọ́n wa ì bá ti máa jó! Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣe é. Tí àpótí ò bá lórúkọ, JAWS máa ń wo ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí, á sì fi ìyẹn ṣe orúkọ ẹ̀. NVDA ní tiẹ̀, ohun tí browser bá gbé fún un ló sábà máa ń sọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ àpótí bá jẹ́ tiẹ̀ lóòótọ́, JAWS á gbà yín sílẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti kó ọ̀rọ̀ pọ̀ sójú kan, ó lè jẹ́ ti àpótí kejì ló máa mú, ẹ ó sì fi ìgboyà kọ nǹkan síbi tí kò yẹ. Pẹ̀lú NVDA, mo tẹ Insert àti space kí n lè kúrò nínú focus mode, ipò tí ohun téèyàn bá tẹ̀ ti ń wọnú àpótí, mo fi ọfà òkè ka ohun tó wà ṣáájú àpótí yẹn fúnra mi, mo wá padà wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú. Fún fọ́ọ̀mù tó jẹ mọ́ owó, èmi fara mọ́ èyí tó bá sọ pé òun ò mọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe ìkànnì fáwọn èèyàn, NVDA náà ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, á jẹ́ kẹ́ ẹ tètè rí ibi tó dùn yín.

Ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn tiẹ̀ burú jù. Àwòrán kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bọ́tìnì, kò sí orúkọ lára ìkankan, gbogbo ohun tí mò ń gbọ́ ni "button, button, button". Èwo ló ń fi ránṣẹ́, èwo ló ń nu gbogbo ẹ̀ nù? Kò sí èyí tó mọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí JAWS fi dáa níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti wádìí ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó lójú, ẹ lè fún bọ́tìnì náà lórúkọ fúnra yín, á máa pè é bẹ́ẹ̀ nígbà míì.

PDF ò gba àkókò. Insert àti R ni NVDA fi ń ka ohun tó wà nínú fọ́tò, ohun tó hàn lójú skirínì nìkan ló sì ń kà, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíì. JAWS lè gbé odindi ìwé náà lẹ́ẹ̀kan: Insert àti space, ẹ tẹ O, lẹ́yìn náà D. Tí ìwé bá nípọn, JAWS ni.

Excel náà, JAWS ló mú un. Orúkọ òpó àti ti ìlà, ó ń kà á fún mi bí mo ṣe ń rìn nínú tábìlì, ó sì ní ibi tẹ́ ẹ ti lè ní kó máa ṣọ́ àpótí kan, bí àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ láìkúrò níbi tẹ́ ẹ wà. NVDA náà á ka orúkọ òpó, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi hàn án, Insert, Shift àti C lórí ìlà tí orúkọ wà, ti ìlà jẹ́ R dípò C. Tí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, mi ò rí ìyọnu mọ́. Narrator, mo lè ka nọ́ńbà pẹ̀lú ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko.

Ti ohùn wá kù. eSpeak, ohùn tó bá NVDA wá, le létí bíi rọ́bọ́ọ̀tì, àwọn kan á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan wọ́n á sá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti mú kó máa yára sọ̀rọ̀, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ló ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì ní wọnú ara wọn. Àwọn ohùn tó jọ tèèyàn tí Narrator ní lórí Windows 11 dùn tẹ́ ẹ bá ń ka ìròyìn gígùn.

Mac ní VoiceOver tiẹ̀ láti 2005, Linux ní Orca, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n nínú èyí torí Windows niṣẹ́ mi wà.

Bí mo ṣe tò ó rèé: NVDA ló ń tàn látojú ibi tí mo ti ń kọ pásíwọọ̀dù, JAWS di ti ọjọ́ Excel, Narrator wà fún ìgbà tí nǹkan bá dàrú. Mo tún gbé NVDA sórí flash kan tí mo lè ki bọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, ẹ kàn mọ̀ pé ti orí flash yẹn ò ní lè ka ojúu pátákó tí Windows fi ń béèrè àṣẹ kó tó gba sọ́fúwíà tuntun. Ohun tí mo yí nínú ètò ẹ̀ kò pọ̀: mo pa kíka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń tẹ̀wé, Insert àti 2 ni, mo fi ti odindi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Insert àti 3, tí mo bá sì ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ ẹlòmíì, Insert àti P ni mo fi ń jẹ́ kó máa pe àmì kọ́mà àti fúlọ́sítọ́ọ̀pù síta.