Bí A Ṣe Ń Kàgò fún Ilé-iṣẹ́ Tí Kò Mọ̀ Wá Rí

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ímeèlì kò lójú. Ẹni tí ẹ kọ ímeèlì sí láì mọ̀ ọ́n rí, kí ẹ lè ta iṣẹ́ yín fún un, kò rí ẹ̀rín yín, kò gbóhùn yín, kò sì bẹ̀ yín níṣẹ́. Ohun tó rí kò ju orúkọ àjèjì àti ìlà kan lórí fóònù rẹ̀, láàárín ọ̀pọ̀ ímeèlì mìíràn tó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé: "Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Kí ló dé tó fi jẹ́ òní?" Lẹ́tà tó bá dáhùn ìyẹn ní ìlà àkọ́kọ́ ló ń rí èsì. Èyí tí kò bá dáhùn ún, bó dùn bí oyin, wọ́n á pa á rẹ́ ni.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tó pọ̀ jù fi wà ṣáájú kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan.

Àwọn wo ni ẹ fẹ́ kọ̀wé sí?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ra àkójọ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kó sì fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ti kú, nítorí ẹni tó ni wọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó kù sì ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ra àkójọ náà ṣáájú yín.

Ẹ fi ilé-iṣẹ́ 50 péré bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó wá wọn, ẹ wo oníbàárà yín 10 tó ń sanwó láìjanpata, tí iṣẹ́ wọn sì tù yín lára. Ẹ kọ ohun tó pa wọ́n pọ̀ sílẹ̀: òṣìṣẹ́ mélòó ni wọ́n ní, kí ni wọ́n ń tà, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó rà lọ́wọ́ yín? Bóyá wọ́n ṣí ẹ̀ka tuntun ni. Bóyá wọ́n gba ọ̀gá tuntun, tàbí òfin tó kan iṣẹ́ wọn yí padà, tàbí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn ní gbangba. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn ni a ń pè ní àmì níhìn-ín. Ilé-iṣẹ́ tí irú àmì kan náà ti yọ lára rẹ̀ lẹ ń wá, kì í ṣe èyí tó kàn jọ ọlọ́rọ̀.

Ìkéde iṣẹ́ ni ibi tó dára jù láti rí àmì, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì kà á sí. Ilé-iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń dùn ún àti pé òun ti ṣetán láti náwó sí i. Àmì tó bá ti ju ọjọ́ 60 lọ ti tutù, ẹ wá òmíràn.

Ẹ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 10. Tí ẹ kò bá rí àmì láàárín ìṣẹ́jú 10 yẹn, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ má fi ìyìn rọ́pò àmì. Nínú ìwé yín, ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń pè é lẹ́nu, kì í ṣe bó ṣe wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni náà, ipò rẹ̀, àmì tí ẹ rí, ọjọ́ tí ẹ rí i, àti ibi tí ẹ ti rí i. Ẹni méjì ni kí ẹ wá ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ẹni tí ìṣòro náà ń fún lọ́rùn lójoojúmọ́, àti ẹni tó ń fọwọ́ sí owó. Ẹni àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ẹ má kọ lẹ́tà kan náà sí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, nítorí wọ́n á fi han ara wọn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á sì ti bàjẹ́.

Lẹ́tà burúkú àti lẹ́tà rere

Ká sọ pé iṣẹ́ yín ni kíka ọjà fún àwọn tó ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ rí i pé ilé-iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìkẹ́rùsí kejì, ó sì ń wá ẹni mẹ́ta tí yóò máa ka ọjà níbẹ̀. Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ mi ni Lágbájá. Ilé-iṣẹ́ wa jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìtọ́jú ọjà, a sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọdún 12. A ní ohun èlò ìgbàlódé. A fẹ́ kí ẹ fún wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ṣàlàyé gbogbo ohun tí a lè ṣe fún yín."

Ẹ ka "mi", "wa" àti "a" inú rẹ̀: méje ni wọ́n. Ilé ìkẹ́rùsí tuntun tí obìnrin tó ń kà á ń sá sókè sá sódò lé lórí ńkọ́? Kò sí níbẹ̀ rárá. Lórí gbogbo rẹ̀, ó tún ń béèrè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì fún ní nǹkan kan. Ẹ wo òmíràn, tí àkọlé rẹ̀ kò ju "Ilé ìkẹ́rùsí kejì" lọ:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo rí ìkéde yín pé ẹ ń wá ẹni mẹ́ta tí yóò máa ka ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí tuntun. Nígbà tí ẹrù bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé méjì, iye inú ìwé àti iye tó wà nílẹ̀ kì í pẹ́ yà síra, pàápàá ẹrù tó wà lójú ọ̀nà lásìkò tí wọ́n ń kà. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká ka ilé méjèèjì lóru ọjọ́ kan náà, ká sì kó gbogbo ibi tí ìyàtọ̀ wà lé yín lọ́wọ́ kí iṣẹ́ ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń yọjú lọ́dọ̀ yín, àbí kò tíì sí?"

Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ òtítọ́ tí ó lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ìlà kejì ni kọ́kọ́rọ́ lẹ́tà náà: ẹrù tó wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tíì ka ọjà rí kò lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìwé ti máa ń dàrú, ọ̀rọ̀ kan yẹn sì ṣe ju ọdún 12 ìrírí tí lẹ́tà burúkú ń ké lé lórí. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń tà, kì í ṣe mẹ́fà. Ìbéèrè ìkẹyìn sì ṣeé dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù, nígbà tó ń dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè. "Àbí kò tíì sí" jẹ́ ìlẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ fún un láti sọ pé rárá. Ẹ má yọ ọ́ kúrò. "Rárá" tó tètè dé á gbà yín lọ́wọ́ lẹ́tà mẹ́ta mìíràn.

Ẹ dán ìlà àkọ́kọ́ yín wò báyìí: ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn láì yí ọ̀rọ̀ kankan padà? Tó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe ìdí. "Mo rí i pé iṣẹ́ yín ń lọ dáadáa" bá gbogbo ayé mu.

Kí lẹ́tà náà má ju ohun tí ojú fóònù gbà lọ. Kí àkọlé jẹ́ ọ̀rọ̀ 2 sí 5. Ẹ má fi "Re:" sí àkọlé bí ẹni pé ẹ ti ń bá ara yín sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni, ẹni tó bá sì já irọ́ àkọlé kò ní gba òótọ́ inú lẹ́tà gbọ́. Ẹ má so fáìlì mọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ má sì fi líǹkì sí i tí kò bá pọn dandan.

Kí lẹ́tà tó dé iwájú wọn

Lẹ́tà rere tó bọ́ sí àpótí spam, ibi tí wọ́n ń da ímeèlì tí èèyàn kò fẹ́ sí, kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò kọ. Ẹ ra dòmáìnì mìíràn (orúkọ tó máa ń wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì ímeèlì) tó jọ ti ilé-iṣẹ́ yín fún iṣẹ́ yìí. Bí orúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ lójú àwọn olùpèsè ímeèlì, ìwé owó àti lẹ́tà àwọn oníbàárà yín kò ní bá a lọ.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ẹ tò sínú DNS dòmáìnì náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbangba tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń wò láti mọ̀ nípa rẹ̀. SPF ń sọ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́) tó láṣẹ láti fi orúkọ yín ránṣẹ́. DKIM jẹ́ èdìdì tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò yí lẹ́tà padà lójú ọ̀nà. DMARC ń sọ fún ẹni tó gbà á ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí àyẹ̀wò méjèèjì bá kùnà; p=none, tó túmọ̀ sí pé kó má ṣe ohunkóhun sí lẹ́tà náà, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè máa ka ìròyìn tó ń wọlé kí ẹ tó mú un le. Ọ̀fìn tí ọ̀pọ̀ ń jìn sí ni SPF méjì lórí dòmáìnì kan, nígbà tí wọ́n bá ń lo irinṣẹ́ méjì. Ẹyọ kan ni òfin gbà. Méjì á mú kí àyẹ̀wò náà kùnà pátápátá, nítorí náà ẹ pa wọ́n pọ̀ sí ìlà kan. Kí ìlà náà má sì béèrè ju ìwádìí DNS 10 lọ.

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti fi dandan lé e pé kí àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ti Gmail, lẹ́tà 5,000 lójúmọ́ ni "púpọ̀" túmọ̀ sí. Wọ́n tún ní kí ẹ̀sùn spam má dé 0.3%, ìyẹn ẹni 3 nínú 1,000. Ẹ kò ní dé 5,000, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé òfin náà bí ẹni tó dé e.

Àpótí ímeèlì tuntun kì í kọ́kọ́ sáré. Lẹ́tà 5 sí 10 lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ dé 30 ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ fi irinṣẹ́ yẹ àdírẹ́sì wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Tí lẹ́tà tó ń padà bá ju 2 nínú 100 lọ, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ lọ fọ àkójọ yín mọ́.

Lẹ́yìn tí wọn kò bá dáhùn

Àìdáhùn kì í ṣe "rárá", àmọ́ kì í ṣe ìwé ìyọ̀ǹda láti máa yọ wọ́n lẹ́nu. Lẹ́tà mẹ́rin tó: ọjọ́ 1, ọjọ́ 4, ọjọ́ 10, ọjọ́ 18. Ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e dáhùn lábẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ó lè rí ohun tí ẹ ti sọ. "Mo kàn ní kí n mọ̀ bóyá ẹ rí lẹ́tà mi" kò fún un ní nǹkan kan. Ẹ̀sùn ni lójú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mú ohun tuntun wá. Fún àpẹẹrẹ ti ilé ìkẹ́rùsí yẹn, lẹ́tà kejì lè sọ bí wọ́n ṣe lè dá ẹrù ojú ọ̀nà dúró ní wákàtí méjì ṣáájú kíkà, ohun tó lè ṣe fúnra rẹ̀ láìsanwó fún yín. Lẹ́tà kẹrin ń ti ìlẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ẹ sọ pé ẹ kò ní kọ̀wé mọ́, kí ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yín.

Ìpè fóònù dára láàárín lẹ́tà kejì àti ẹ̀kẹta. Ẹ dárúkọ ara yín, ẹ sọ pé ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ rí, ẹ sọ àmì tí ẹ rí, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè inú lẹ́tà náà, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20. Tí akọ̀wé bá gbé e, ẹ má purọ́ pé ọ̀gá ń retí yín. Ẹ bi í léèrè ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Ó sábà máa ń mọ̀ ju àwa tó wà níta lọ.

Òfin àti ìṣirò

Ní Amẹ́ríkà, òfin CAN-SPAM ti ọdún 2003 kan lẹ́tà láàárín ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú: àkọlé kò gbọdọ̀ tan ènìyàn jẹ, àdírẹ́sì ibi tí ẹ wà gbọdọ̀ wà nínú lẹ́tà, ẹni tó bá sì ní kí ẹ yọ òun, ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti ṣe é. Jámánì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́ kí ẹni náà ti gbà kí ẹ tó fi ímeèlì ìpolówó ránṣẹ́, kódà láàárín ilé-iṣẹ́. Ẹ wo òfin ibi tí ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí wà, kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin wà nìkan.

Ẹ má fi iye ẹni tó "ṣí" lẹ́tà ṣe ìṣirò. Láti ọdún 2021 ni ímeèlì Apple ti lè máa gbé àwòrán inú lẹ́tà wọlé fúnra rẹ̀, á sì dà bí ẹni pé wọ́n ṣí ohun tí wọn kò kà. Ẹ ka èsì, kí ẹ sì ya "ẹ sọ sí i fún mi" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ yọ mí". Tí ẹ bá ń dán àkọlé méjì wò, ẹ má yí ohun mìíràn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èsì 3 sí 2 nínú lẹ́tà 50 kò sọ nǹkan kan fún yín.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ dáhùn láàárín wákàtí kan tó bá ṣeé ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lọ́kàn rẹ̀. Ẹ dáhùn ohun tó béèrè, lẹ́yìn náà ẹ dá àkókò méjì tó lè yàn nínú rẹ̀. Ẹni tó ní "rárá", ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú ìwé tí gbogbo ẹni tó ń tà ní ilé-iṣẹ́ yín lè rí, kí ẹlòmíràn má bàa tún kàgò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ní "ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà", ẹ fi ọjọ́ náà sí kàlẹ́ńdà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì da ọ̀rọ̀ tó sọ kọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Òun ni yóò jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà yín lọ́jọ́ náà.