Bí Iṣẹ́ Dókítà Eyín Bá Bàjẹ́ Lẹ́nu Yín: Àwọn Àṣìṣe Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹjọ́ Dúró

Ní Ìkòròdú, láti Sàbó dé Ìgbógbó, ẹ ò ní wá ẹni tó ní irú ìtàn yìí tì: eyín tí wọ́n dí tó já kí oṣù tó parí, eyín tó le koko tí wọ́n yọ tí èyí tó ń dùn ṣì jókòó síbẹ̀, eyín àtọwọ́dá tí kò jẹ́ kí ẹnu pa dé. Púpọ̀ nínú ẹjọ́ wọ̀nyí kì í kú sí ọ́fíìsì ìjọba. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹni tó ni ẹnu ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Èyí tó burú jù ni ìkánjú láti tún un ṣe. Eyín ń dun èèyàn, ó sáré lọ bá dókítà mìíràn, ìyẹn hú gbogbo ohun tí ti àkọ́kọ́ fi dí i, ó dà á sínú garawa ìdọ̀tí, ó fi tuntun sí i. Ara tu aláìsàn. Nígbà tó wá padà lọ béèrè owó rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: ta ló mọ̀ bóyá ẹni kejì ló bà á jẹ́? Kò rí èsì fọ̀. Bí ojú bá wú dé ọrùn, bí ibà bá dé, bí itọ́ gbígbé mì tàbí èémí bá ń ṣòro, ẹ gbàgbé ẹjọ́, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kejì pé kí ó kọ́kọ́ wò ó, kí ó ya X-ray, kí ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Mo mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 lè fi ojú èèyàn rí, ṣùgbọ́n ìwé tó ti irú ibẹ̀ wá ṣòro láti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fi dí eyín tó wá já bọ́ ńkọ́? Ẹ má jù ú nù. Inú ọ̀rá mímọ́ ni kí ẹ fi sí, kí ẹ kọ ọjọ́ tó já sí i lára.

Àṣìṣe kejì ni kí gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ẹnu lásán. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì dókítà fúnra rẹ̀, ẹ ò gba rìsíìtì. Ẹ lọ ṣàròyé níwájú akọ̀wé, ó ní òun ti gbọ́. Ta ni ẹlẹ́rìí? Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú ẹ̀dà kan sọ́wọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Inú lẹ́tà yẹn náà ni kí ẹ ti béèrè ẹ̀dà fáìlì yín àti X-ray. Ẹ̀tọ́ yín ni: ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì pa ohùn tí dókítà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp rẹ́, bó ti wù kó bí yín nínú tó.

Kì í ṣe gbogbo ìrora ló jẹ́ ẹ̀bi dókítà o. Eyín tí wọ́n yọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro èèyàn burúkú ní ọjọ́ kẹta, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì tó bo ojú ihò náà ti ṣí kúrò. Ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí náà lè máa ta fún omi tútù fún ìgbà díẹ̀. Ẹ padà lọ kí dókítà náà wò ó. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀ mọ́, kò sí òfin tó ní ẹ gbọ́dọ̀ tún lanu fún un.

Àwọn mìíràn ń kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwọn. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àwọn dókítà àti oníṣègùn eyín, lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi, àmọ́ kì í bá èèyàn gba owó padà. HEFAMAA ti ìpínlẹ̀ Èkó ló ń mójú tó ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, bóyá ó forúkọ sílẹ̀, bóyá ó kúnjú ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ owó, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáàbò bo oníbàárà ni: LASCOPA ti ìpínlẹ̀ Èkó tàbí FCCPC ti ìjọba àpapọ̀. Kí ẹ tó kọ̀wé síbikíbi, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá dókítà eyín ni ẹni tó tọ́jú yín. Ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tó sì ń gbé báàgì kiri ojúlé láti máa lẹ eyín mọ́ aráyé lẹ́nu kò ní ọ̀kankan.

Mímú ọlọ́pàá dání lọ gba owó ńkọ́? Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Kíkọ orúkọ dókítà sórí Facebook pé olè ni tún burú ju ìyẹn lọ, torí ẹ lè di olùjẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èmi yóò kọ́kọ́ gbìyànjú Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí wọ́n bá gbà láti dá owó padà, ẹ ka ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí. Bí ó bá sọ pé ẹ ò ní ẹjọ́ kankan mọ́, ẹ rántí pé owó àtúnṣe lè ju owó tí ẹ san lọ.

Ọjọ́ sì ń lọ. Ní Èkó, ọdún 3 ni ẹ ní láti fi pe ẹjọ́ ìpalára tó wá láti inú àìbìkítà. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ni, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn oṣù 3 péré, nítorí náà lọ́yà ló yẹ kí ẹ tètè rí. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ bá Office of the Public Defender, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń gba ẹjọ́ rò fún irú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó kó lẹ́tà, X-ray àti ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn dání.