Ẹ má fi díìsìkì àjùmọ̀lò pa dátà yín

Wọ́n tún pè mí lóru. Àwọn kan ra díìsìkì ńlá, wọ́n ra kọ̀ǹpútà méjì tí yóò jọ máa lò ó, owó gọbọi, dátà sì ti bàjẹ́ kí oṣù tó parí. Inú ń bí mi, torí wọn ì bá ti dènà rẹ̀ láìná tó ìdá mẹ́wàá owó yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to cluster (kọ̀ǹpútà púpọ̀ tó jọ ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan), mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́.

1. Ẹ má pe RAID (díìsìkì púpọ̀ tí a so pọ̀ bí ọ̀kan) ní backup (ẹ̀dà ìpamọ́). Díìsìkì tó kú ni RAID ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, gbogbo díìsìkì náà ni yóò jọ pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

2. Ẹ má fi chmod 777, àṣẹ tó ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè ka fáìlì kí wọ́n sì yí i padà, wá àlàáfíà. Ẹ dá group sílẹ̀ fún àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́.

3. Ẹ má yọ root_squash kúrò lórí NFS (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Òun ni kì í jẹ́ kí root, olùlò tó ní gbogbo àṣẹ, lo àṣẹ yẹn láti kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹni tó bá ti di root lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti di ọ̀gá lórí fáìlì gbogbo ènìyàn.

4. Eléyìí ló dùn mí jù. Ẹ má so díìsìkì kan mọ́ kọ̀ǹpútà méjì, kí ẹ fi ext4 tàbí XFS (ètò tó ń to fáìlì sórí díìsìkì) sí i, kí ẹ sì fò fencing (pípa iná kọ̀ǹpútà kan kí èkejì tó gba díìsìkì). Ọba kì í pé méjì láàfin. Bẹ́ẹ̀ ni ext4 ṣe rí. Ó gbà pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń kọ nǹkan sí díìsìkì. Bí ekejì bá dé, ibi tí ọ̀kan rò pé ó ṣófo ni èkejì ti kọ nǹkan sí. Wọ́n á máa kọ lé ara wọn lórí, ó sì lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì rẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n á ní, "Ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́, èkejì kàn dúró dè é ni." Ó dáa. Ta ló máa jẹ́rìí pé àkọ́kọ́ ti kú lóòótọ́? Èmi náà to irú rẹ̀ rí. Pacemaker, ètò tó ń darí cluster, kọ̀, kò gbéra láìsí fencing, wọ́n sì ń fẹ́ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, ni mo bá kọ stonith-enabled=false láti pa fencing tì. Wáyà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ já lóru ọjọ́ kan. Kò sí èyí tó kú nínú wọn, wọn ò kàn gbúròó ara wọn mọ́ ni. Èkejì gba díìsìkì, ó ń kọ; àkọ́kọ́ náà ń kọ lọ. Nígbà tí fsck, irinṣẹ́ tó ń tún ètò fáìlì ṣe, parí, inú lost+found, fódà tó ń kó fáìlì tó ti sọ orúkọ nù sí, ni ohun tó kù wà: kò sórúkọ, nọ́ńbà lásán, #131074, #131075, ó lọ rẹrẹẹrẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ èyí tó jẹ́ àkọsílẹ̀ owó àti èyí tó jẹ́ pàǹtí.

Fencing ni pé kí kọ̀ǹpútà kan kọ́kọ́ pa iná èkejì, nípasẹ̀ IPMI (ọ̀nà láti darí iná kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) fún àpẹẹrẹ, kó sì gbọ́ èsì pé ó ti kú kó tó fọwọ́ kan díìsìkì. STONITH ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé "yìnbọn lu kọ̀ǹpútà kejì lórí". Bí ẹ bá fẹ́ kí méjèèjì máa kọ pọ̀, GFS2 àti OCFS2 wà fún un, àwọn náà ò sì ṣeé lò láìsí fencing.

Ẹ tún ṣọ́ra fún script (àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé) tó ń pa fáìlì àtijọ́ rẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní Yunifásítì Kyoto ní Japan, wọ́n pààrọ̀ script backup nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni bash, ètò tó ń mú àṣẹ inú script ṣẹ, ń ka script bó ṣe ń lọ, ló bá já sí àárín èyí tuntun, variable (orúkọ tó ń di iye kan mú) tó yẹ kó ní iye sì ṣófo. Àṣẹ find tó yẹ kó pa log (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà) àtijọ́ rẹ́ wá kọjú sí fáìlì àwọn olùwádìí. Nǹkan bí 77 TB lọ, fáìlì mílíọ̀nù 34. Ẹ fi set -u sí orí script yín, kó lè dúró bí variable kan kò bá ní iye. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi mv gbé e sípò.

rsync --delete, tó ń pa ohun tí kò sí ní orísun rẹ́ níbi tí ẹ ń kó ẹ̀dà lọ? Ẹ fi --dry-run wò ó ná, kí ẹ rí ohun tó máa pa kó tó pa á.

Ẹ má fi èsì iṣẹ́ oṣù mẹ́fà sílẹ̀ lórí scratch, ibi ìpamọ́ ìgbà díẹ̀. Gbígbá ni wọ́n ń gbá ibẹ̀.

Backup tí ẹ ò tíì fi dá nǹkan padà rí, ẹ má gbójú lé e. Ẹ mú fáìlì kan lónìí, ẹ dá a padà sí fódà mìíràn, kí ẹ fi sha256sum wé méjèèjì.