Àkáǹtì EVE Online méjì lórí kọ̀ǹpútà kan

Mo ní àkáǹtì méjì nínú EVE Online, eré kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkáǹtì kejì kọ̀, kò wọlé nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì wà lórí eré. Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló fà á. Àkáǹtì ọ̀fẹ́, ìyẹn Alpha, kì í bá òmíràn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi kí méjèèjì jẹ́ Omega, ìyẹn àkáǹtì tí a ń sanwó fún. Bí mo ṣe sanwó Omega fún ìkejì, ó wọlé. Ẹ má fi virtual machine (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) dọ́gbọ́n yẹ òfin yìí: CCP, ilé-iṣẹ́ tó ṣe eré náà, lè ti àkáǹtì pa.

Kọ̀ǹpútà wá ń gbóná. Nínú ètò àwòrán eré náà, mo yí Present Interval, tó ń díwọ̀n bí àwòrán ṣe ń yára jáde, sí Interval One ní fèrèsé méjèèjì, ó rọlẹ̀.

Ẹ sá fún ètò tó ń fi títẹ̀ kan pàṣẹ fún fèrèsé méjì, ó léwu jù: CCP ti fòfin dè é láti oṣù Kìíní ọdún 2015. Alt+Tab ni kí ẹ fi máa bọ́ sí fèrèsé kejì.